HERBERT MACAULAY, ẸNI TÍ KÒ LÈ JÓKÒÓ NÍ ÌGBÌMỌ̀

Ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni Herbert Macaulay í ṣe. A bí i ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, 1864. Baba rẹ̀, Àlùfáà T. B. Macaulay, ni ó dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà C.M.S. sílẹ̀ ní 1859. Ìjọba rán an lọ sí ìlú Òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún wọn títí di 1898, ó sì fi í sílẹ̀.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó tún mú un padà lọ sí London ní 1920, pẹ̀lú Olóyè Amodu Tijani Olúwa, nítorí ilẹ̀ Àpápá tí Ìjọba gbà. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dájọ́ pé ará ilú ni ó ni ilẹ̀, kí a sì san owó rẹ̀ ní kíkún. £22,500 ni Ìjọba san nígbẹ̀yìn.

Òfin Gómìnà Clifford ti 1922 fún Èkó ní ààyè mẹ́ta nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tí a ó fi ìbò yan ẹni sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí £100 ń wọlé fún lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ bí àwọn ará Victoria Garden City, níhà Ajah, ti ta kú ní oṣù Kẹta 2023 pé àwọn kò ní dìbò ní ẹnu ọ̀nà ọgbà wọn, títí a fi sún ìbò ibùdó 10 sí ọjọ́ kejì, yóò mọ bí ìbò ti ń ká ènìyàn lára tó.

Ní 1923 Macaulay dá Ẹgbẹ́ Democratic sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè dupò. A kò ní fi í pamọ́: ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 1913 lórí owó ogún kan tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà ó tọ àwọn tí òfin kò kà sí lọ: àwọn olóyè onífìlà funfun, àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn obìnrin ọjà tí Alimotu Pelewura ń ṣe olórí fún. Obìnrin kò ní ìbò. Ṣùgbọ́n láti ọjà ni ọ̀rọ̀ ti ń tàn ká Èkó. Ní 1923, 1928 àti 1933, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gba ààyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó súnmọ́ ẹni 80 ọdún nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ N.C.N.C. ní 1944. Àìsàn kọlù ú ní Kano lẹ́nu ìrìnàjò ẹgbẹ́ náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, 1946. Ní 1950, nígbà tí a dìbò yan Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó, tọkùnrin tobìnrin ni ó dìbò, a kò sì bi ẹnikẹ́ni ní iye tí ń wọlé fún un.