Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasànmí (1919–1983): Ọ̀mọ̀wé Tí Ó Gbé Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Délé

Ìtàn ìgbésí ayé ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tí ó ti lọ ni a tún gbé wá fún yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́tẹ̀ yìí ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Adédùnmọ́lá Olúwasànmí, ọmọ Ìpetu Ìjẹ̀ṣà.

Ìdí tí a fi yan Bàbá kò ṣòro. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ òwò, ìṣirò owó tàbí ètò ọrọ̀ ajé. Wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú gba oyè ọ̀mọ̀wé. Òbí ń bèèrè pé odidi ọdún márùn-ún mìíràn nídìí ìwé, kí ni èrè rẹ̀? Ìyàwó ń bèèrè ta ni yóò máa san owó ilé. Ẹni tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ń bèèrè bóyá kò ti pẹ́ jù. Ìbéèrè gidi ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó ti tọ ọ̀nà náà ṣáájú wa, kí á rí ohun tí ó fi oyè rẹ̀ ṣe.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE

Ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1919 ni wọ́n bí Hezekiah Olúwasànmí ní Ìpetu Ìjẹ̀ṣà, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Gbogbo wa la mọ irú ènìyàn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà jẹ́ nínú òwò. Àwọn ni òṣómàáló, tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí ń tà á ní àwìn, tí yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó títí yóò fi san án. Ní ìgbà èwe Bàbá, kòkó náà ti ń gbilẹ̀ ní igbó Ìjẹ̀ṣà. Àgbẹ̀ ń gbin kòkó, alágbàtà ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òyìnbó ń kó o lọ sí òkè òkun, ó sì jẹ́ pé òkè òkun náà ni wọ́n ti ń dá iye rẹ̀. Bí owó kòkó bá wọlẹ̀ ní ìlú òyìnbó, oko ni ebi rẹ̀ ti ń pa ènìyàn. Ọmọ tí ó dàgbà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìbéèrè ìdí rẹ̀.

Abẹ́òkúta Grammar School ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́wàá, ilé ẹ̀kọ́ tí Ẹni-ọ̀wọ̀ I. O. Ransome-Kuti di ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún 1932. Ẹni tí ó bá kọjá lábẹ́ Ransome-Kuti kì í bẹ̀rù iṣẹ́, kì í sì í bẹ̀rù òyìnbó.

ÌRÌN ÀJÒ SÍ AMẸ́RÍKÀ

Nígbà náà, Lọ́ńdọ̀nù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá tí ó fẹ́ kàwé ń lọ. Àwọn tí ó gba ọ̀nà Amẹ́ríkà kò pọ̀, nítorí ìjọba amúnisìn kò ka ìwé ẹ̀rí Amẹ́ríkà kún bí ti Lọ́ńdọ̀nù. Nnamdi Azikiwe àti àwọn mìíràn ti fi hàn pé ọ̀nà náà ṣeé tọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Olúwasànmí náà gba ibẹ̀ lọ, ó di Morehouse College ní Atlanta, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, tí Ọ̀mọ̀wé Benjamin Mays ń darí.

Ẹ rántí irú Amẹ́ríkà tí ó wà nígbà náà. Ní Atlanta, bọ́ọ̀sì, ilé oúnjẹ, ẹ̀rọ omi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pín sí ti funfun àti ti dúdú. Ní Texas wa níbí, Heman Sweatt, aláwọ̀ dúdú tí ń pín lẹ́tà ní Houston, ní láti gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kí wọ́n tó gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ òfin ti University of Texas ní ọdún 1950. Ní Denton, tí kò jìnnà sí wa rárá, ọdún 1954 ni wọ́n tó gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Oyè ọ̀mọ̀wé gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá ṣe.

Láti Morehouse, Bàbá kọjá sí Harvard, níbi tí W. E. B. Du Bois ti di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1895. Ètò ọrọ̀ ajé ni wọ́n kọ́ níbẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n di ọ̀mọ̀wé. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: wọ́n ti tó ẹni ọdún 35. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ara rẹ̀ ní Dallas pé òun ti dàgbà jù, kí ó ronú sí èyí.

KÍ NI OYÈ Ọ̀MỌ̀WÉ JẸ́ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì í mú. Oyè kìíní àti oyè kejì ń kọ́ ni ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀. Oyè ọ̀mọ̀wé ń béèrè pé kí o wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ti kíláàsì: ìmọ̀ ìṣirò, ọgbọ́n orí ètò ọrọ̀ ajé, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwádìí. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá tí ó máa ń dá àwọn kan padà sílé. Ẹni tó bá yege yóò wá ìbéèrè kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, yóò jókòó tì í fún ọdún bíi méjì sí mẹ́ta, yóò kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀, yóò sì dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé jù ló ń parí rẹ̀. Ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sùn ló ń parí rẹ̀. Ìbéèrè ti Olúwasànmí ti wà láti Ìpetu: kí ló dé tí àgbẹ̀ tí ń bọ́ ìlú fi jẹ́ tálákà, kí ni a lè ṣe sí i?

ÌPADÀBỌ̀ SÍ ÌBÀDÀN

Ní ọdún 1955 kan náà, wọ́n padà sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní University College, Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n wà. Wọ́n gòkè di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì di olórí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni owó kòkó ń ṣe iṣẹ́ ńlá ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ló ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á ní òkè òkun, ìyókù sì ń wọ àpò ìjọba. Nínú owó ìjọba bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ti jáde, òun náà ni Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tó kù fún àgbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 1966 ni ìwé tí Bàbá kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé Nàìjíríà jáde. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ oko, owó tí àgbẹ̀ lè yá àti ọjà tí yóò gbé irè rẹ̀ lọ ni ó dá lé. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1968, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn dìde nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí owó orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, owó kòkó kò sì tó nǹkan. Ẹ̀mí ṣòfò. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe ìwádìí lé lórí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

GÍWÁ NÍ IFẸ̀

Ọdún 1966 náà ni wọ́n pè wọ́n láti wá ṣe gíwá àgbà Yunifásítì Ifẹ̀, lẹ́yìn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Ajósè. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá yunifásítì yìí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ṣì wà, nínú ilé tí kì í ṣe ilé tiwọn títí lọ. Owó ìjọba tí àgbẹ̀ kòkó fi òógùn rẹ̀ kún ló gbé e dìde. Ó wá jẹ́ pé ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀.

Ọdún tó burú ni 1966 nínú ìtàn Nàìjíríà. Ológun gba ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Síbẹ̀, ní oṣù Kìíní 1967, wọ́n kó yunifásítì lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Láàrin igbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán àwọn ilé náà, wọ́n sì kọ́ wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ gba inú wọn kọjá. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé ẹwà rẹ̀ kò ní àfiwé.

Ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé ni Bàbá, ṣùgbọ́n wọn kò ka owó nìkan sí. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ bá University of Wisconsin ti Amẹ́ríkà níhìn-ín ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Institute of Administration kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìṣàkóso, lábẹ́ Adébáyọ̀ Adédèjì, tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé, tí ó sì wá di olórí àjọ ètò ọrọ̀ ajé Áfíríkà ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ìgbà wọn náà ni Orí Olókun bẹ̀rẹ̀ ní 1968, tí Ọlá Rótìmí ti ń gbé eré jáde.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n kúrò ní 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjétúnjí Abóyadé gbapò, ọ̀mọ̀wé ètò ọrọ̀ ajé mìíràn. Ọdún 1983 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwasànmí dágbére fáyé. Ọdún 1987 ni wọ́n yí orúkọ yunifásítì náà padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé ńlá àárín rẹ̀ ń jẹ́ Hezekiah Oluwasanmi Library títí di òní. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Dallas ló ti sùn lórí tábìlì ibẹ̀ ní àsìkò ìdánwò.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nítorí kí wọ́n lè máa pè yín ní Dókítà ní ibi ìnáwó. Ẹ kọ́kọ́ wá ìbéèrè yín. Ìdí tí ọmọ wa fi ń yá owó ní báńkì kí ilé ìtajà rẹ̀ tó dúró, ìdí tí èsúsú fi ń ṣiṣẹ́ láìsí ìwé, ìwọ̀nyí tó ṣe ìwádìí.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí owó dẹ́rù bà yín kí ẹ tó bèèrè. University of Texas at Dallas ní Richardson, UT Arlington, àti University of North Texas ní Denton, gbogbo wọn ló ní ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ òwò. Ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n bá gbà láti máa kàwé lójoojúmọ́ sábà máa ń rí owó oṣù díẹ̀ gbà, bí wọ́n bá ń ran ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ nínú ìkọ́ni tàbí ìwádìí. Owó náà kò tó gbọ́ ìdílé. Nítorí náà, kí tọkọtaya jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ìkẹta, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta oyè bí ẹni ta gúgúrú. Ẹ wò ó bóyá AACSB, àjọ tí ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ òwò wò, mọ ibẹ̀. Ẹ tún bèèrè iye àwọn tó parí níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Èyí tó ga jù: oyè Bàbá kò parí sí ara ògiri. Ó di ìwé tí àwọn mìíràn kà, ó di ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jókòó sí. Kì í ṣe dandan kí gbogbo wa padà sílé bí ti wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a lè tọ́ka sí ẹnì kan, tàbí ibì kan, tí ẹ̀kọ́ wa ti ṣe láǹfààní.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa já sí asán. Kí ó fi ìmọ̀ jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó sì máa dẹ ilẹ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwasànmí níbi tí wọ́n wà. Àṣẹ.