Ta ló pa Délé Giwa? Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òde òní ṣe lè tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986. Délé Giwa wà nínú yàrá ìkàwé rẹ̀ ní ojúlé 25, òpópónà Talabi, lẹ́bàá Adéníyì Jones, ní Ìkẹjà. Káyọ̀dé Ṣóyínká, aṣojú ìwé ìròyìn Newswatch ní Lọ́ńdọ̀nù, wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi àpò ìwé kan lé ẹ̀ṣọ́ ilé lọ́wọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọmọ Délé ló gbé e wọlé fún bàbá rẹ̀. Bí bàbá ti ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ǹbù tó wà nínú rẹ̀ dún. Wọ́n sáré gbé Délé lọ sí ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹni ọdún 39 ni. Orí ló kó Káyọ̀dé Ṣóyínká yọ.

Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú ọkùnrin yìí. Àwọn tí wọn kò tíì dáyé nígbà náà ti di bàbá ọmọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bá nílẹ̀: ta ló pa Délé Giwa? Nísinsìnyí tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè ń tú àṣírí ìpànìyàn tó ti lé ní ogójì ọdún, ó yẹ ká wo ohun tí ìmọ̀ tuntun lè ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí, ká sì wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ òde òní bá gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, kì í ṣe bọ́ǹbù nìkan ló máa ń yẹ̀ wò. Ó tún máa ń tú ìgbésí ayé ẹni tó kú palẹ̀, kí ó lè mọ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ẹ jẹ́ kí àwa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Súmọ́nù Ọládélé Giwa sí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 1947. Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀. Ugbekpe-Ekperi, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ni orísun wọn. Iṣẹ́ ló gbé àwọn òbí rẹ̀ dé ààfin Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Kò sí owó nílé. Modern School tó wà ní Lágéré ni ọmọ náà ti kàwé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ di alágbàfọ̀ ní Oduduwa College, ọmọ rí ọ̀nà wọ ilé ẹ̀kọ́ tí bàbá ti ń fọṣọ.

Ọmọ alágbàfọ̀ yìí ló rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ó gboyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Brooklyn College ní 1977, ó tún kàwé sí i ní Fásitì Fordham, ó sì ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn New York Times. Nígbà tó padà wálé, Daily Times ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ló kọjá sí ilé iṣẹ́ Concord tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀, tó sì di olóòtú Sunday Concord. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn nígbà náà kò ní gbàgbé bó ṣe máa ń kọ̀wé: gbólóhùn rẹ̀ mú, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

Ní 1984, òun àti Ray Ekpu, Dan Agbese àti Yakubu Mohammed para pọ̀ dá Newswatch sílẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 28, oṣù kíní, ọdún 1985. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wádìí ìdí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò. Nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbàjọba ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Newswatch kọ́kọ́ fi ojú rere wò ó. Ojú rere náà kò pẹ́. Nígbà tí ìjọba gbé ètò tuntun kalẹ̀ lórí pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè ní 1986, Délé kọ̀wé pé bí ètò náà bá kùnà, àwọn aráàlú yóò sọ àwọn aṣáájú wọn lókùúta ní ìgboro. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba, SSS, ránṣẹ́ pè é. Oṣù kan géérégé ló kù ú láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, wọ́n tún pè é. Ẹ̀sùn tí wọ́n bi í léèrè lórí rẹ̀ wúwo, pàápàá ti pé ó ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa kíkó ohun ìjà wọ orílẹ̀-èdè. Ìjayà mú un, ó sì kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá agbẹjọ́rò rẹ̀, Gàní Fáwẹ̀hìnmi. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ pé nígbà tó ku ọ̀la kí ó kú, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Halilu Akilu, ọ̀gá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ológun, pe ilé náà lórí tẹlifóònù, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni àpò ìwé dé.

Orí èyí ni Gàní dúró lé tó fi ní kí wọ́n pe Akilu àti Ajibola Togun, igbákejì ọ̀gá SSS, lẹ́jọ́. Àwọn méjèèjì sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Babangida. Nígbà tí ìjọba kò pe ẹjọ́, Gàní ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun pè é. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, àwọn adájọ́ sì dá a láre ní oṣù Kejìlá, ọdún 1987, pé ọmọ ìlú lásán ní ẹ̀tọ́ láti dìde sí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, nítorí olùṣọ́ arákùnrin rẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ìṣẹ́gun ńlá ni, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà sí ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n wọ́gi lé ẹ̀sùn náà. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 1999, tún pe Babangida, Akilu àti Togun láti wá wí tẹnu wọn. Wọn kò yọjú. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ. Ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá pé kí wọ́n tún ẹjọ́ ọ̀hún ṣí.

Ohun kan wà tó yẹ ká fi sọ́kàn. Ní ọdún 1986 tí Délé kú gan-an ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ fi DNA wádìí ẹjọ́ ìpànìyàn. Nítòsí Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ti pa ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan ní 1983, èkejì ní 1986. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jẹ́wọ́ pé òun pa ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí Alec Jeffreys, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ṣàwárí ọ̀nà yìí ní 1984, yẹ ẹ̀rí wò, ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n mú Colin Pitchfork tó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Ẹni tí kò jẹ̀bi ni ìmọ̀ tuntun yìí kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹni tó jẹ̀bi.

Ká ní òní ni wọ́n pa Délé, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á ti ta okùn yí ilé náà ká kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á fi asẹ́ sẹ́ erùpẹ̀ àti eérú yàrá náà. Wọ́n á kó gbogbo ègé ìwé, wáyà, irin àti aṣọ sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó mú un àti wákàtí tó mú un sára àpò kọ̀ọ̀kan. Láti ara ẹ̀tù tó lẹ̀ mọ́ àwọn ègé náà ni wọ́n á ti mọ irú ohun abúgbàmù tí wọ́n lò, bóyá irú èyí tí ológun ń lò ni tàbí èyí tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Wọ́n á wá àmì ìka àti òógùn ẹni tó lẹ àpò náà pa. Wọ́n á yẹ ìwé ìpè tẹlifóònù wò, wọ́n á sì wo fọ́tò tí ẹ̀rọ ojú pópó yà nígbà tí ọkọ̀ náà ń kọjá.

Bí ègé kékeré ṣe lè rojọ́ hàn ní ọdún méjì lẹ́yìn ikú Délé. Ní oṣù kejìlá, ọdún 1988, bọ́ǹbù fọ́ ọkọ̀ òfuurufú Pan Am sórí ìlú Lockerbie ní Scotland, ènìyàn 270 sì kú. Àwọn olùwádìí ṣa igbó àti pápá, wọ́n sì rí ègé ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju èékánná lọ nínú àkísà aṣọ kan. Ègé yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi dá ọkùnrin ará Líbíà kan lẹ́bi ní 2001, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn lórí ìdájọ́ náà kò tán. Ní 2022, ọdún 34 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọwọ́ Amẹ́ríkà tẹ ẹlòmíràn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé òun ló ṣe bọ́ǹbù ọ̀hún. Wọ́n lè ṣe èyí nítorí pé wọ́n kó ẹ̀rí jọ, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí agbára ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ nìyí. Kì í ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó wà fún ẹni tó bá tún ẹjọ́ Délé ṣí ni láti lọ sí ilé ìkẹ́rùsí àwọn ọlọ́pàá, kí ó ka ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni láti kó ìwé ìwádìí ọdún 1986, àkọsílẹ̀ dókítà àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí kọ sílẹ̀ jọ, kí ó tò wọ́n ní wákàtí sí wákàtí, kí ibi tí wọ́n ti tako ara wọn lè hàn.

Ẹ̀kẹta ló nira jù, ẹnu ènìyàn sì ni. Láàárín 1978 sí 1995, Theodore Kaczynski fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ẹni mẹ́ta kú. Gbogbo ẹ̀rọ ìjọba kò rí i mú. Àbúrò rẹ̀ ló dá ọ̀nà tó ń gbà kọ̀wé mọ̀, ló sì sọ̀rọ̀. Bọ́ǹbù tó pa Délé kò dá rìn dé Ìkẹjà. Ẹnì kan ṣe é, ẹnì kan pàṣẹ, ẹnì kan wa ọkọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ dípò rẹ̀.

Ní oṣù kejì, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìjọba wádìí ikú Délé Giwa àti ti àwọn akọ̀ròyìn mìíràn tí wọ́n pa, kí wọ́n sì gbé àwọn tó bá jẹ̀bi lọ sílé ẹjọ́. Nínú òfin wa, ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í di ohun ìgbàgbé nítorí pé ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í dúró de òfin. Gàní ti lọ ní 2009, Adájọ́ Oputa ti lọ ní 2014, orí àwọn tó kù sì ti funfun. Ìwádìí tòótọ́ ṣe ìdílé Délé láǹfààní, ó sì ṣe àwọn tí wọ́n ti ń dárúkọ láti 1986 láǹfààní pẹ̀lú, nítorí bí ọwọ́ wọn bá mọ́, òun nìkan ló lè wẹ̀ wọ́n mọ́ lójú aráyé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wẹ ọ̀dọ́mọkùnrin Leicester mọ́.

Ugbekpe-Ekperi ni wọ́n sin Délé Giwa sí, ní ilẹ̀ àwọn baba rẹ̀. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ti wà nílẹ̀. Ó ku kí ẹni tí iṣẹ́ náà kàn dìde, kí ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí.