Maria Montessori àti Àpótí Àgbàdo Ìníṣà

Ní oṣù kẹwàá ọdún tí mo ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìníṣà, màmá tó jẹ́ alákòóso ibẹ̀ fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù wọn. Ike ńlá kan ni. Wọ́n da ìrẹsì tí wọ́n rẹ ní àwọ̀ ọsàn kún inú rẹ̀, wọ́n sì ri aláǹtakùn oníke, eegun oníke àti elégédé kéékèèké mọ́ ọn nítorí ọdún Halloween. Àwọn ọmọdé ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń wá nǹkan inú rẹ̀. Màmá ní kí n ṣe irú rẹ̀ fún kíláàsì wa. Mo wo iye tí wọ́n ń ta àwọn ohun inú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì bi wọ́n bóyá a lè lo àgbàdo.

Ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí ni pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà. Montessori wà lára orúkọ tí wọ́n kọ sí i, bó ti wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nílẹ̀ wa. Mo bi àwọn olùkọ́ léèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní orúkọ ìlú ni. Òmíràn ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó ilé ẹ̀kọ́ náà wọ́n. Èmi tí mo ti ka orúkọ náà fún ìdánwò kò lè sọ ju ìlà méjì lọ. Ojú tì mí, mo lọ kà á dáadáa.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1870 ni wọ́n bí Maria Montessori ní Chiaravalle, ìlú kékeré kan ní Ítálì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn ìwé. Ọmọ bí ọdún 13 ni nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ọkùnrin ń lọ, torí ó fẹ́ di ẹnjiníà. Nígbà tó yá, ó ní ìṣègùn ni òun yóò kọ́. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ ló dúró tì í. Ní yunifásítì Róòmù, wọn kò gbà kí obìnrin bá àwọn ọkùnrin la òkú pọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ, ni òun nìkan máa ń wọ yàrá náà lọ ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìtàn Halloween, ẹ fún un ní èyí. Ní 1896 ó gba oyè dókítà, lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á ní Ítálì.

Iṣẹ́ rẹ̀ gbé e dé ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n kó sínú yàrá kan tí kò sí ohun kankan nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn kórìíra wọn, torí bí wọ́n bá jẹun tán, wọn a máa rá nílẹ̀ ṣa èérún búrẹ́dì. Ó rò pé ọ̀kánjúwà ni. Montessori wo yàrá náà yíká, ó rí i pé àwọn ọmọ yìí kò ní nǹkan mìíràn tí ọwọ́ wọn lè bà láyé ju èérún yẹn lọ.

Ó lọ ka iṣẹ́ àwọn dókítà ará Faransé méjì, Jean Itard àti Édouard Séguin, tí wọ́n ti fi ohun tí ọmọ lè fọwọ́ kàn kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀, ó fi kọ́ wọn, àwọn kan nínú wọn sì yege ìdánwò ìwé kíkà àti kíkọ tí àwọn ọmọ yòókù ń ṣe. Àwọn ènìyàn ń yìn ín. Òun ń rò ó ní tirẹ̀ pé kí ló ń dá àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé dúró ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ohun kan wà tí ìwé ìdánwò wa kì í sọ. Ní 1898 ó bí ọmọkùnrin kan, Mario, fún dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Giuseppe Montesano. Wọn kò fẹ́ ara wọn. Láyé ìgbà náà, bí aráyé bá gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Wọ́n gbé ọmọ náà fún ìdílé kan ní ìgbèríko, ìyá rẹ̀ a sì máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà ti bàlágà kó tó wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó kọ́ ayé bí a ṣe ń tọ́ ọmọdé kò tọ́ tirẹ̀ ní kékeré. N kò lè dá a lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni mímọ́.

Ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1907 ló ṣí ilé àwọn ọmọdé àkọ́kọ́ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù. Ọdún yẹn náà ni ojú irin dé Òṣogbo, kó tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí ìhà Ìlọrin. Kì í ṣe àánú ló bí ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn onílé tún ilé ibẹ̀ ṣe, àwọn òbí ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń ba ògiri jẹ́. Onílé ń wá ẹni tí yóò kó wọn jọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọmọ 50 ni wọ́n kó fún un. Ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ki igi rìbìtì-rìbìtì bọ inú ihò wọn, tó ń yọ wọ́n, tó tún ń kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ó ní kí àwọn yòókù máa kọrin, ó gbé ọmọ náà tàga-tàga, kò gbọ́. Ó ṣe é ju ìgbà 40 lọ kó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Mo ń wá àpótí oníke inú fídíò yẹn nínú iṣẹ́ rẹ̀, n kò rí i. Ohun tí mo rí ni pé ó máa ń fi aṣọ di ọmọ lójú kó lè fọwọ́ dá hóró ọkà kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ lẹ́tà tí wọ́n fi bébà ìhó igi gé. Ohun kan ṣoṣo ni irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọmọ: bó ṣe tóbi tó, bó ṣe wúwo tó, bó ṣe rí lára. Lójú tèmi, kò ní fẹ́ràn kí a da aláǹtakùn, eegun àti ìrẹsì aláró pọ̀ sójú kan.

Òkìkí rẹ̀ kàn kíá. Ní 1915 wọ́n ṣe kíláàsì onígíláàsì níbi ìpàtẹ San Francisco kí àwọn ènìyàn lè máa wo àwọn ọmọ níbi iṣẹ́. Ó bá ìjọba Mussolini ṣe pọ̀ fún ọdún mélòó kan, èyí tí n kò lè gbè é lẹ́yìn lé lórí. Wọ́n pínyà ní 1934. Ogun abẹ́lé lé e kúrò ní Sípéènì ní 1936. Ó wà ní Íńdíà pẹ̀lú Mario nígbà tí Ítálì wọ ogun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti Mario mọ́lé bí ọ̀tá. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ pé ọdún 70.

Ní Ìníṣà, a ṣe àpótí tiwa. Bàsíà ìfọṣọ àtijọ́ ni. Mo ra àgbàdo gbígbẹ ní ọjà Ìkìrun, mo sá a sóòrùn kí kòkòrò má bàa wọ̀ ọ́. Ìyá oníṣu kan ní Òkukù fún mi ní elégédé kékeré méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo se ìkarahun ìgbín, mo fọ̀ ọ́, mo fi èkùrọ́ àti ife ike kún un. Mo yọ ẹ̀wà kúrò nítorí àwọn tó máa ń ki nǹkan bọ imú, mo sì jókòó tì wọ́n ní gbogbo ìgbà. Kò tó 3,000 náírà. Mo ní kí a yọ eegun kúrò nínú rẹ̀. Ará Ìkìrun tó bá fẹ́ ìtàn ẹ̀rù ní ogun Jálumi ti 1 oṣù kọkànlá 1878, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ kejì Halloween gan-an. Ìkarahun nìkan ni mo kọ́kọ́ fi fún wọn, lẹ́yìn náà èkùrọ́, mo fi gèlè di wọ́n lójú.

Ọmọkùnrin kan mú ife, ó ń bu àgbàdo, ó ń dà á. Wọ́n lu aago, kò dìde. Mo fẹ́ pè é wá kọ lẹ́tà rẹ̀, mo rántí ọmọbìnrin San Lorenzo, mo fi í sílẹ̀. Màmá alákòóso kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n ní ìwé tí A dé Z kún inú rẹ̀ ni òbí san owó fún, àgbàdo wà nílé wọn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, n kò sì rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Montessori kú ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1952 ní Noordwijk, létí òkun ní Nẹ́dálándì. Ọmọ ọdún 81 ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, òun àti Mario ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò sí Gold Coast, Gánà òní, láti kọ́ àwọn olùkọ́. Mario rò pé ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Nígbà tí Mario padà wọ yàrá, ó ti lọ.

Bàsíà náà ṣì wà ní Ìníṣà. Kòkòrò wọ àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Kérésì, mo sì lọ ra òmíràn.