Linnaeus, Ẹni tí ó Sọ Lékeléke ní Orúkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ń gbé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, ẹ kò ní ṣàì mọ lékeléke tí ń tọ màlúù lẹ́yìn, tí ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù bá lé jáde nínú koríko. Nínú ìwé àwọn amòye, orúkọ Látìnì tí ẹyẹ yìí ń jẹ́ ni ibis. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹyẹ mìíràn ni. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, ni ó fi í fún un.

A bí Linnaeus ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, ọdún 1707. Àlùfáà ni baba rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọgbà òdòdó púpọ̀. Nígbà tí baba yìí fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, tí ó di dandan kí ó ní orúkọ ìdílé, ó mú un lára igi lind kan tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn, ó sì yí i sí Látìnì. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di olùkọ́ àgbà ní Uppsala.

Ní ọdún 1758 ni ó ṣe iṣẹ́ tí a fi ń rántí rẹ̀. Nínú ìtẹ̀jáde kẹwàá ìwé rẹ̀, Systema Naturae, ó fún gbogbo ẹranko tí ó mọ̀ ní orúkọ méjì méjì: èkíní ti agbo rẹ̀, èkejì ti òun tìkára rẹ̀. Látìnì ni ó lò, nítorí pé èdè náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣìṣe níbòmíràn. Meleagris ni àwọn ará àtijọ́ ń pe ẹtù. Linnaeus mú un, ó fi ṣe orúkọ agbo tòlótòló, ẹyẹ Amẹ́ríkà tí ará Róòmù kankan kò fojú rí rí!

Ti lékeléke ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Linnaeus kédùn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ìwádìí àwọn ẹ̀dá Ilẹ̀ Mímọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Fredrik Hasselquist, tálákà tí àyà ń dùn, ní òun yóò lọ. Olùkọ́ rẹ̀ gbìyànjú láti dá a dúró, kò gbọ́. Ó lọ ní 1749, ó dé Íjíbítì, ó sì kú nítòsí Smirna ní 1752, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tí ó jẹ ní gbèsè gba ẹrù rẹ̀ sọ́wọ́, títí Àyaba Súwídìn fi san owó náà. Linnaeus tẹ ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní 1757. Hasselquist ti rò pé lékeléke ni ibis tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń bọ. Olùkọ́ rẹ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Linnaeus ṣeni láàánú. Àrùn ẹ̀gbà kọlù ú, iyè rẹ̀ sì ra. Ẹni tí ó sọ gbogbo ẹ̀dá lórúkọ ń ka ìwé tirẹ̀, ó ń yìn ín, kò sì mọ̀ pé òun ni ó kọ ọ́. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọdún 1778.

Ní 1855, Charles Bonaparte, ọmọ àbúrò Napoleon, sọ agbo lékeléke ní Bubulcus, èyí tí í ṣe darandaran ní Látìnì. Èyí bá a mu. Ṣùgbọ́n òfin àwọn amòye ni pé orúkọ tí a kọ́kọ́ sọ ẹ̀dá kì í yẹ̀ nítorí àṣìṣe, nítorí náà ibis kò kúrò lára rẹ̀.