Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Apá tí a kì í kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ì báà ṣe ọmọ onígbàgbọ́ tàbí ọmọ Mùsùlùmí, tí kò mọ orúkọ Àjàyí Crowther. Àwa tí a ti ń fi ẹfun kọ ìtàn sí ara pátákó fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ti kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe mú un lẹ́rú, bí ó ṣe rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25, àti bí Bíbélì ṣe di ti èdè wa láti ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá ti dé orí Bíbélì yìí, agogo a lù, àwọn ọmọ a sì sáré jáde. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́yìn àwọn yòókù, ó bi wá léèrè bí ìgbẹ̀yìn bàbá náà ṣe rí. Ìdáhùn tí a fún un kò tẹ́ àwa tìkára wa lọ́rùn. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe kọ èyí sí ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀.

Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí a sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. A fi í dí owó ẹṣin. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ìbànújẹ́ fi mú un gbìyànjú láti fi ọ̀já ìgbànú rẹ̀ pa ara rẹ̀ lóru. Ní Èkó ni àwọn Potogí rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba òun àti àwọn ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Onígbàgbọ́ ni àwọn tí ó rà á. Onígbàgbọ́ náà ni àwọn tí ó gbà á sílẹ̀. Ọmọdé náà kò tíì mọ ohun tí ẹ̀sìn náà ń jẹ́ tí ó ti fi ojú rí ọ̀nà méjèèjì tí a ń gbà lò ó.

Ohun tí ó ṣe ní Sàró kò ní pẹ́ wa, nítorí pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ní Fourah Bay ní 1827. A fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ni òun àti Àfàlà ìyá rẹ̀ ti tún fi ojú kan ara wọn, tí ẹnu kò sì lè ròyìn rẹ̀.

Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e jù lọ ni Henry Venn, akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbàgbọ́ Venn ni pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìyìn rere fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń bá Crowther ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta kò rí i bẹ́ẹ̀. Henry Townsend, ẹni tí ó ṣe rere púpọ̀ fún àwọn Ẹ̀gbá, tí ó sì dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859, kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1851 pé kò yẹ kí a fi ènìyàn dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù, nítorí pé àwọn ará ilẹ̀ yìí kò ní bọ̀wọ̀ fún un bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òyìnbó. Ó dà bí ẹni pé a kò bi àwọn ará ilẹ̀ yìí léèrè kí a tó bá wọn dáhùn.

Ọ̀rọ̀ Venn ni ó borí. Ní ọjọ́ 29 oṣù June 1864, nínú Kàtídírà Canterbury, ọmọ Òṣóògùn tí a ti fi dí owó ẹṣin di bíṣọ́ọ̀bù, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí ó gbà á sílẹ̀ ní 1822 wà níbẹ̀, ó ti darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ààlà tí a pa fún bíṣọ́ọ̀bù tuntun yìí. Àwọn ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin Victoria ni oyè rẹ̀ wà fún. Èkó sì ti bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, nítorí náà kò kàn án. Abẹ́òkúta kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin, síbẹ̀ a yọ àwọn òyìnbó ajíhìnrere ibẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Bàbá tí ó gbọ́ Yorùbá ju gbogbo wọn lọ ni a rán sí Odò Ọya, láti máa ti ẹnu ògbufọ̀ wàásù fún Íbò àti Tápà.

Ó lọ, kò sì ráhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń wọ̀, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ ni wọ́n ń gbé e. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ní, Sàró ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, owó oṣù wọn kéré, ibùdó wọn jìnnà sí ara wọn. Kò yẹ kí a purọ́: àwọn kan nínú wọn hùwà tí kò dára. Àwọn kan sọ òwò di iṣẹ́, ọ̀kan sì jẹ̀bi ikú ọmọbìnrin kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá náà sì rọ̀ jù. A gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwa náà ti rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́.

Venn kú ní 1873. Àwọn tí ó rọ́pò rẹ̀ kò ní irú ìgbàgbọ́ rẹ̀, ìgbà náà sì ni àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ara wọn. Ní 1890 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ajíhìnrere dé Odò Ọya láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn bí J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke. Brooke kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Wọn kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Wọ́n wọ aṣọ Haúsá, wọ́n jẹ oúnjẹ ilẹ̀ yìí, wọ́n sì kọ̀ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa dáàbò bò wọ́n. Ìtara wọn pọ̀ púpọ̀. Ohun gbogbo ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí àwọn kèfèrí, àfi ìrònú pé àwọn mọ̀ ju àgbàlagbà dúdú tí ó wà níwájú wọn lọ.

Ní oṣù August 1890, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ náà pàdé ní Onitsha. Bàbá náà ti lé ní ẹni 80 ọdún. Níṣojú rẹ̀ ni a ti ka ẹ̀sùn sí àwọn àlùfáà rẹ̀ lẹ́sùn lọ́rùn. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí í ṣe òyìnbó, sì dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Archdeacon Dandeson Crowther, ọmọ bíbí inú rẹ̀, wà lára wọn. Bíṣọ́ọ̀bù béèrè bóyá akọ̀wé nìkan ni ó ní àṣẹ láti lé àlùfáà tí bíṣọ́ọ̀bù fi jẹ. Nígbà tí ó rí bí ọ̀rọ̀ ti rí, ó ní kí a yọ orúkọ òun kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà.

Ìwé Mímọ́ tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí gbé lọ́wọ́ kọ́ni pé bí arákùnrin bá ṣẹ̀, kí a kọ́kọ́ bá a sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé kí a má ṣe tètè gba ẹ̀sùn sí àgbà ìjọ, bí kò ṣe pé ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta wà. Crowther mọ ibẹ̀ dáadáa. Gbogbo Bíbélì ní èdè Yorùbá, tí òun jẹ́ olórí àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀, ti parí ní 1884, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìpàdé náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni a ń bá wí. A mọ ìjọ kan, àwọn ọmọ wa dúdú ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀, tí ó kọ̀ láti sin opó tálákà kan títí àwọn ará ilé rẹ̀ fi yá owó san gbèsè ìjọ tí ó jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìjọ kan náà jó yí pósí olówó kan ká, ẹni tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì ju ọjọ́ Kérésìmesì lọ. A wà níbẹ̀, a kò sì sọ̀rọ̀.

Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó nígbà tí ìròyìn Onitsha dé. Àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu Odò Ọya, ní Bonny àti àyíká rẹ̀, pinnu láti máa fi owó ara wọn gbọ́ bùkátà wọn, kí wọ́n sì kúrò lábẹ́ C.M.S. láìkúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà. Dandeson ni ó ṣáájú wọn. Àrùn ẹ̀gbà kọlu bàbá náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù December 1891. Robinson ti kú ní ọdún náà kan náà. Brooke kú ní 1892. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí ni ó gba gbogbo wọn.

Òyìnbó ni a fi rọ́pò Crowther. A fi Olúwọlé àti Phillips ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ṣùgbọ́n ó di 1952 kí ọmọ Yorùbá tó tún di bíṣọ́ọ̀bù tí ó ní àgbègbè tirẹ̀, èyíinì ni A. B. Akínyẹlé ní Ìbàdàn.

Ní oṣù June 2014, nígbà tí oyè Crowther pé 150 ọdún, Justin Welby, Archbishop Canterbury, dúró nínú kàtídírà kan náà tí a ti fi bàbá náà joyè, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí a ṣe sí i. Ọmọbìnrin tí ó bi wá léèrè ti jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa báyìí. A ó fi ẹ̀dà kan nínú ìwé yìí ránṣẹ́ sí i.