Richard Courant: Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń fi òfin rẹ̀ ṣírò omíyalé

Àwọn àgbà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Mápó kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn, tó sì gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Lóde òní, kọ̀ǹpútà làwọn onímọ̀ fi ń wo ibi tí omi lè gbà kó tó dé, ìbáà ṣe Ògùnpa tàbí òkun tó ń jẹ Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ. Richard Courant wà lára àwọn tó la ọ̀nà náà.

Ọdún 1888 ni wọ́n bí i, ọmọ Júù, ní Lublinitz, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, tó ti di ti Poland báyìí. Òwò bàbá rẹ̀ dojú dé, bí Courant ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kọ̀ọ́ láti ọmọ ọdún 14 nìyẹn, kó lè rówó jẹun. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Göttingen lọ́dún 1910. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó jà fún Jámánì, ó sì fara gbọgbẹ́.

Lọ́dún 1928 ni òun, Friedrichs àti Lewy gbé òfin kan jáde. Ẹni tó fẹ́ ṣírò omi yóò pín ilẹ̀ sí ojú-ojú bí àwọ̀n apẹja, yóò máa ka ìrìn omi láti ojú kan sí èkejì. Bí ojú àwọ̀n bá jẹ́ mítà 10, tí ìgbì ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó tún kà á. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìṣirò lè dàrú, kó máa pe omi orúnkún ní omi tó bo òrùlé. Ẹni tó bá mọ Bẹyẹrúnká, níbi tí ilé ti fara kan ilé, yóò mọ̀ pé ojú àwọ̀n ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wẹ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yóò sì pọ̀.

Lọ́dún 1933, ìjọba Hitler ní kó lọ rọ́kún nílé. Ọgbẹ́ ojú ogun kò gbà á. Òun àti ẹbí rẹ̀ kọjá sí Cambridge, wọ́n sì dé New York lọ́dún 1934, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti gbé iṣẹ́ mìíràn jáde lọ́dún 1943, níbi tó ti fi onígun mẹ́ta ṣe ojú àwọ̀n. Àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n etíkun kì í tọ́ gbọnrangandan, onígun mẹ́ta ló sì rọrùn láti fi tẹ̀lé kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1964 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò tó dá sílẹ̀ ní New York. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1972, lẹ́ni ọdún 84.