Adémúlégún: ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ọjọ́ ìrántí



Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní bá pé, àwọn ológun a máa fi òdòdó sí ibi ìrántí àwọn tó bógun lọ, wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àwa náà máa ń so báàjì ìrántí mọ́ àyà. Nígbà kan rí, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é, torí ọjọ́ náà ni ogun àgbáyé kìn-ín-ní parí lọ́dún 1918. Ìjọba wá gbé e sí oṣù kìn-ín-ní, torí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà lọ́dún 1970 ni ogun abẹ́lé wá sópin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síhìn-ín kò mọ̀ ni pé ọdún mẹ́rin gééré ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ yìí kan náà, ni wọ́n pa Bìrìgédíà Samuel Adésùjọ Adémúlégún nínú ilé rẹ̀ ní Kàdúná.

Ọmọ Oǹdó ni. Nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun, òyìnbó ló ń pàṣẹ, ènìyàn dúdú ló ń gbé ìbọn. Lọ́dún 1949 ló di ọ̀gá ológun, N/3 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Wellington Bassey ni N/1, Aguiyi-Ironsi ni N/2. Ẹ wo bí iye wọn ti kéré tó nígbà náà! Lọ́dún 1965, nígbà tí Welby-Everard, òyìnbó tó jẹ olórí ọmọ ogun wa kẹ́yìn, fẹ́ padà sílé, orúkọ Adémúlégún wà lára àwọn tí wọ́n gbé yẹ̀ wò láti rọ́pò rẹ̀. Ironsi ló bọ́ sí lọ́wọ́. Adémúlégún wà ní Kàdúná gẹ́gẹ́ bí olórí bìrìgéèdì kìn-ín-ní. Àjèjì bíi tiwa ni níhìn-ín, ó sì mọ èèyàn-án bá rìn, débi pé òun àti Sàrdáúnà Ahmadu Bello di ọ̀rẹ́. Inú àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ológun tó jẹ́ ọ̀dọ́ kò dùn sí i.

Ṣáájú òru ọjọ́ náà, Major Chukwuma Nzeogwu ti ń kó ọmọ ogun jáde lóru, bíi pé ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe. Kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tó di òru ọjọ́ tí à ń wí yìí, wọ́n pín ara wọn: àwọn kan lọ sílé Sàrdáúnà, àwọn kan sílé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Shodeinde, àwọn kan sílé Adémúlégún. Inú yàrá ni wọ́n ti yìnbọn pa á, òun àti Latifat, ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú oyún. Àwọn ọmọ wọn wà nínú ilé náà.

A kò kọ èyí láti fi dá ẹ̀yà kankan lẹ́bi o. Major Adéwálé Adémóyèga, ọmọ Yorùbá, wà lára àwọn tó gbìmọ̀ ọ̀hún. Arthur Unegbe, ọmọ Ìgbò, sì wà lára àwọn ọ̀gá tí wọ́n pa ní Èkó lóru náà.

Àwọn àgbà kan láàárín wa ní ẹni tó kú sójú ogun ni ọjọ́ ìrántí wà fún. A kò bá wọn jiyàn. Bárékè Dalet ní Kàdúná àti Chindit ní Saríà, ogun Burma ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tó kú lórí ibùsùn rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rí fún un lọ́sàn-án, ta ni yóò dárúkọ tirẹ̀? Ta ni yóò dárúkọ Latifat, tí kì í ṣe ológun rárá?

Bí wọ́n bá tún ń tú ẹyẹlé sílẹ̀, a ó dúró pẹ̀lú àwọn tó kù. Kí a tó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ó ti sọ ìtàn ọkọ àti aya yìí fún àwọn ọmọ wa.